Kí Ẹpa yín tó rékọjá òkun: ìdáhùn fún agbẹ́gilére kan ní Ìkéré-Èkìtì

Ìbéèrè: Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú iṣẹ́. Agbẹ́gilére ni mí ní Ìkéré-Èkìtì. Ọwọ́ bàbá mi ni mo ti kọ́ṣẹ́ kí n tó lọ ka iṣẹ́ ọnà ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Arábìnrin aláwọ̀ dúdú kan, oníṣẹ́ ọnà ará Salvador ní Bràsíìlì, rí iṣẹ́ mi lórí Instagram. Ó ní òun fẹ́ wá gbé lọ́dọ̀ wa fún oṣù mẹ́ta, kí àwa méjèèjì jọ gbẹ́ ère Ẹpa tuntun kan, ìyẹn ère onígi tí wọ́n ń gbé sórí jó lọ́dún Ẹpa, kí a sì gbé e lọ ṣe àfihàn ní ìlú òun. Inú mi dùn, ṣùgbọ́n àwọn àgbà ilé wa ní, “Wọ́n tún dé. Wọ́n fẹ́ wá kó èyí tó kù lọ ni.” Ṣé kí n gbà? Bí mo bá sì gbà, kí ni kí n dì mú?

Ìdáhùn: Àbúrò mi, gbà á. Àmọ́ má ṣe gbà á lórí fóònù, má sì dá a gbà. Ohun tí àwọn àgbà yín ń sọ kì í ṣe ọ̀rọ̀ ẹni tó kórìíra àlejò. Ìkéré tí wọ́n jókòó sí yìí ni ọ̀kan nínú iṣẹ́ ọnà Yorùbá tí ayé mọ̀ jù lọ ti kúrò, wọ́n sì mọ bó ṣe kúrò.

Láàárín 1910 sí 1914 ni Ọlọ́wẹ̀, ọmọ Ẹ̀fọ̀n-Aláayè tó fi Ìsẹ̀-Èkìtì ṣe ibùgbé, gbẹ́ ilẹ̀kùn àti òpó sí ààfin Ògògà, ọba Ìkéré. O ti rí fọ́tò wọn. Síbẹ̀, tún un wò. Lára ilẹ̀kùn náà, Ògògà jókòó lápá kan pẹ̀lú adé lórí, olorì dúró lẹ́yìn rẹ̀. Lápá kejì, ajẹ́lẹ̀ òyìnbó ń bọ̀, àwọn èèyàn ló gbé e. Ọlọ́wẹ̀ kò fín àwọn èèyàn náà pẹlẹbẹ mọ́ pákó bí ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére ti máa ń ṣe. Ó gbẹ́ wọn yọ débi pé orí wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dá dúró, wọ́n sì yíjú sí ẹni tó ń wò wọ́n. Ọba jókòó jẹ́ẹ́ sáàyè rẹ̀, àlejò ni wọ́n gbé wá bá a. Ta ló ga ju ta lọ? Ọlọ́wẹ̀ ti dáhùn sára igi.

Ní 1924, wọ́n gbé ilẹ̀kùn náà lọ sí àfihàn ńlá tí ìjọba Gẹ̀ẹ́sì ṣe ní Wembley, ní Lọ́ńdọ̀n. British Museum ní àwọn fẹ́ kó dúró sọ́dọ̀ àwọn. Ògògà kò ta á. Ìtẹ́ ni wọ́n ṣe fún un ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, òun ni wọ́n fi ṣe pàṣípààrọ̀. Lọ́wọ́ British Museum ni ilẹ̀kùn náà wà títí di òní. Ọ̀kan nínú àwọn òpó náà wà ní Art Institute ti Chicago láti 1984: ọba jókòó, ẹsẹ̀ rẹ̀ kò kanlẹ̀, olorì tó dúró lẹ́yìn rẹ̀ sì ga jù ú lọ fíìfíì.

Àwọn kan máa ń sọ pé wọ́n rẹ́ Ògògà jẹ. Èmi ò gbà bẹ́ẹ̀ pátápátá. Ọba náà mọ ohun tó ń ṣe: kò gba owó, ohun tó tọ́ sí ọba ló gbà. Ẹni tọ́rọ̀ rẹ̀ dùn mí ni ẹni tí kò sí nídìí ìdúnàádúrà yẹn rárá, ìyẹn ẹni tó gbẹ́ ẹ. Ọlọ́wẹ̀ kú ní nǹkan bí 1938. Ó di 1998 kí mùsíọ́ọ̀mù iṣẹ́ ọnà Áfíríkà ti Smithsonian ní Washington tó ṣe àfihàn tó jẹ́ tirẹ̀ nìkan. Ṣé orúkọ rẹ̀ ti sọnù ní gbogbo ìgbà yẹn ni? Rárá o. Ní 1988, ọ̀kan nínú àwọn ìyàwó rẹ̀ tó ṣì wà láyé ki oríkì rẹ̀ fún olùwádìí tó wá bá a. Orúkọ wà nílé. Ère ló lọ láìmú un dání.

Nítorí náà, ohun tí wàá kọ́kọ́ dì mú ni orúkọ, kó tó kan owó. Fín orúkọ rẹ, ìlú rẹ àti ọdún sábẹ́ ère náà kó tó kúrò lábẹ́ ọwọ́ rẹ. Lẹ́yìn náà, kí ẹ kọ ọ́ sínú ìwé àdéhùn pé orúkọ yẹn gbọ́dọ̀ wà lára káàdì tí wọ́n máa lẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ère, nínú ìwé àfihàn, lábẹ́ fọ́tò tí wọ́n bá gbé sórí íntánẹ́ẹ̀tì, àti nínú gbogbo ìwé ìròyìn tí wọ́n bá fún. Kí ó jẹ́ orúkọ rẹ àti Ìkéré-Èkìtì. Bó bá jẹ́ “agbẹ́gilére Yorùbá kan” ni wọ́n kọ, a ti padà sí 1924 nìyẹn.

Ibì kan tún wà tí orúkọ ti máa ń sọnù tí ọ̀pọ̀ èèyàn kì í fura sí. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ ọnà òkè òkun ló ń rìnrìn àjò pẹ̀lú owó ìrànwọ́ tí wọ́n kọ̀wé béèrè lọ́wọ́ àjọ tàbí ìjọba wọn. Inú ìwé ìbéèrè yẹn ni wọ́n ti ń kọ ẹni tó ni iṣẹ́ àti ẹni tó kàn ń ranni lọ́wọ́. Bí o bá dúró dìgbà tí àlejò bá dé, wọ́n ti pín owó yẹn tán: tíkẹ́ẹ̀tì rẹ̀ wà níbẹ̀, kámẹ́rà wà níbẹ̀, ìwọ lè wà lábẹ́ “ìnáwó mìíràn”. Bèèrè ìwé náà lọ́wọ́ rẹ̀ nísinsìnyí. Béèyàn ò bá ní èrò burúkú lọ́kàn, kò ní bínú. Sọ fún un pé o fẹ́ kí orúkọ rẹ wà níbẹ̀ gẹ́gẹ́ bí ẹni tẹ́ ẹ jọ ni iṣẹ́, kí owó iṣẹ́ rẹ, owó igi, owó àwọn ọmọṣẹ́ yín, àti owó ilé àti oúnjẹ tí àlejò máa ná yín wà níbẹ̀ lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ẹ̀kọ́ tó máa kọ́ lọ́wọ́ rẹ náà ní owó tirẹ̀. Ọmọ ilé yín kì í kọ́ṣẹ́ lọ́fẹ̀ẹ́: ó ń sìn, ó ń jẹ́ iṣẹ́, ó ń gbálẹ̀, ọdún ń gorí ọdún.

Ìyẹn mú mi dé ọ̀rọ̀ “jọ gbẹ́” tí arábìnrin yìí sọ. Ìwọ àti èmi mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ lágbo ilé àwọn agbẹ́gilére: ọnà lílé, ìyẹn gígé ìrísí ère jáde lára igi; àlétúnlé, ìyẹn títún un gé kó yọ dáadáa; dídán; àti fífín. Ọ̀gá ló ń lé ọnà, nítorí ibẹ̀ ni ère ti ń di ère tàbí kó bàjẹ́. Ọmọṣẹ́ lè dán an. Ọ̀gá tún máa padà wá fín in, kó fún un ní ojú, ilà àti irun. Ẹni tí kò tíì lo àáké rí kò lè lé ọnà Ẹpa láàárín oṣù mẹ́ta, kò sì sí ohun ìtìjú níbẹ̀. Nítorí náà, kí ẹ jọ sọ ọ́ kó yé ara yín kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀: ta ló ń ṣe apá wo? Bí ìwọ bá lé e tí o sì fín in, tí òun kùn ún tàbí tó fi ohun tirẹ̀ kún un, ẹ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ síbi káàdì. Orúkọ méjì lórí iṣẹ́ kan dára púpọ̀ nígbà tí òǹwòran bá mọ ohun tí ọwọ́ kọ̀ọ̀kan ṣe.

Àmọ́ mi ò fẹ́ kí o máa wo àlejò yìí bí ẹni tó ń bọ̀ lọ́wọ́ òfo. Àwọn àgbà yín gbọ́dọ̀ gbọ́ apá yìí pẹ̀lú. Ní Salvador, àwọn ilé Kandoblé, ìyẹn ẹ̀sìn òrìṣà ti Bràsíìlì, pín ara wọn sí orílẹ̀-èdè orílẹ̀-èdè gẹ́gẹ́ bí ibi tí àwọn baba ńlá wọn ti wá. Ọ̀pọ̀ ń pe ara wọn ní Kétu. Àwọn kan sì wà níbẹ̀ títí di òní tí wọ́n ń pe ara wọn ní Ẹ̀fọ̀n, tí wọ́n sì ń bọ Olóròkè, òrìṣà orí òkè. Ẹ̀fọ̀n, àbúrò mi! Ìlú tí wọ́n bí Ọlọ́wẹ̀ sí. Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé lẹ́sẹ̀ òkè Olósùnta, tí ẹ mọ ohun tí òrìṣà orí òkè jẹ́, kò yẹ kí ẹnikẹ́ni ṣẹ̀ṣẹ̀ máa ṣàlàyé èyí fún yín. Wọ́n kó àwọn èèyàn náà lọ láìní nǹkan kan lọ́wọ́, orúkọ ìlú àti òrìṣà wọn kò sì kúrò lẹ́nu wọn.

Ronú nípa ọ̀gbẹ́ni kan tí wọ́n ń pè ní Mestre Didi, Deoscóredes dos Santos ni orúkọ rẹ̀ gan-an. Salvador ni wọ́n bí i sí ní 1917, ó sì kú ní 2013. Oníṣẹ́ ọnà àti olóyè ilé òrìṣà ni. Ọwọ̀ ọ̀pẹ, awọ, owó ẹyọ àti ìlẹ̀kẹ̀ ló fi ń ṣe ère, láti ara àwọn ohun ìsìn bíi ṣàṣàrà Ọbalúayé àti ìbírí Nàná. Àfihàn ńláńlá gba iṣẹ́ rẹ̀ gẹ́gẹ́ bí iṣẹ́ ọnà òde òní, bẹ́ẹ̀ ilé òrìṣà ló ti kọ́ ọ. Ní 1967, ó dé Kétu, ní orílẹ̀-èdè Benin. Níwájú ọba àti àwọn ará ìlú, ó ki oríkì ìdílé ìyá rẹ̀, èyí tí wọ́n ti ń fi lé ọmọ lọ́wọ́ láti ìran dé ìran ní Bràsíìlì. Àwọn ará Kétu mọ oríkì náà. Wọ́n nawọ́ sí ilé Aṣípa fún un, pé àwọn èèyàn rẹ nìwọ̀nyẹn. Kò mú fọ́tò wá, kò mú ìwé wá. Oríkì ni.

Nítorí ìdí èyí, bi arábìnrin náà léèrè: kí ni ìwọ náà ń mú bọ̀? Bóyá ó mọ orin kan tí wọ́n ń kọ nílé wọn. Ó lè mọ bí wọ́n ṣe ń sin ìlẹ̀kẹ̀ lọ́hùn-ún, tàbí ohun tí àwọn olórìṣà ṣe sí ère wọn nígbà tí àwọn ọlọ́pàá Bràsíìlì ń ya wọ inú ilé òrìṣà láti kó ohun ìsìn. Kó mú iṣẹ́ tirẹ̀ wá, kó fi han Ìkéré. Kó kọ́ àwọn ọmọ ilé ẹ̀kọ́ ní nǹkan kan. Ọ̀pọ̀ ohun tí wọ́n ń pè ní pàṣípààrọ̀ àṣà lónìí, ẹnì kan ló ń rìn, ẹnì kejì ló ń gbàlejò, kò sì sí ìgbà kan tí wọ́n yí ipò padà. Jacob Lawrence, ayàwòrán dúdú ọmọ Amẹ́ríkà, kọ́kọ́ mú àwòrán tirẹ̀ wá fún àwọn ará Nàìjíríà wò ní 1962. Nígbà tó padà wá ní 1964 ló tó jókòó yàwòrán àwọn ọjà wa. Ètò yẹn tẹ́ mi lọ́rùn ju ti ẹni tó dé tó kàn gbé kámẹ́rà jáde lọ.

Bí àwọn àgbà bá ní kò tíì sí irú èyí tó so èso rere nílẹ̀ Èkìtì, rán wọn létí Oye. Ní 1947, Fadá Kevin Carroll àti Fadá Sean O’Mahony dá ilé iṣẹ́ ọnà sílẹ̀ ní Oye-Èkìtì. Wọ́n pe George Bándélé, ọmọ Aréògún ti Òsì, kó wá jẹ́ ọ̀gá níbẹ̀. Wọ́n gbẹ́ ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n gbẹ́ ìbí Jésù, àwọn amòye tó wá kí i sì wọ aṣọ Yorùbá. Àwọn kan bá àwọn fadá náà jà pé wọ́n ń mú iṣẹ́ òrìṣà wọ ṣọ́ọ̀ṣì. Àwọn mìíràn ní ṣọ́ọ̀ṣì ló fẹ́ gbé iṣẹ́ náà mì. Èrò tèmi ni pé ohun tó gba ètò náà là ni pé àwọn fadá kò gba àáké lọ́wọ́ Bándélé. Ọmọ Yorùbá ló ń kọ́ ọmọ Yorùbá lábẹ́ òrùlé wọn. Ibẹ̀ ni Làmídì Fákẹ́yẹ, ọmọ Ìlá Ọ̀ràngún, ti kọ́ iṣẹ́ lábẹ́ Bándélé. Ó gbẹ́gi dé Amẹ́ríkà, ó ṣiṣẹ́ ní Western Michigan University ní Kalamazoo, ó padà wá kọ́ àwọn ọmọ ní Yunifásítì Ifẹ̀, UNESCO sì dá a lọ́lá ní 2006. Ó kú ní 2009. Kò sí ibi tó dé tí wọn kò mọ orúkọ rẹ̀.

Ó ku Ẹpa fúnra rẹ̀, mo sì fẹ́ kí o fara balẹ̀ níbí. Ìwọ lo ń gbẹ́ Ẹpa, àmọ́ ìdílé tó ń gbé e jó ló ni ín. Tí ẹ bá fẹ́ gbẹ́ Ẹpa tó jọ ti ìdílé kan, tó ní orúkọ tàbí àwòrán jagunjagun tàbí ìyá ọlọ́mọ tí gbogbo ìlú mọ̀ mọ́ wọn, ọ̀dọ̀ wọn lo gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ lọ pẹ̀lú obì. Wọ́n lè gbà, wọ́n lè ní kí o yí i padà. Kí àwọn náà sì sọ ohun tí kámẹ́rà lè yà àti ohun tí kò gbọ́dọ̀ yà, kí àlejò tó wọlé.

Òfin Nàìjíríà náà ní ọ̀rọ̀ tirẹ̀ lórí èyí. Lábẹ́ òfin tó dá NCMM, àjọ ìjọba tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, sílẹ̀ ní 1979, iṣẹ́ ọnà ilẹ̀ wa tí wọ́n ṣe ṣáájú 1918 jẹ́ ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, a kò gbọ́dọ̀ gbé e jáde láìgbàṣẹ. Gbogbo èèyàn mọ ìyẹn. Èyí tí wọn kì í mọ̀ ni pé ère tó ní iyì ìtàn tàbí iyì ọnà, tí wọ́n ti lò rí fún ayẹyẹ ìbílẹ̀, wà lábẹ́ òfin kan náà, ì báà jẹ́ ọdún tó kọjá ni wọ́n gbẹ́ ẹ. Ìyẹn ni pé Ẹpa tuntun tẹ́ ẹ gbẹ́, bí ẹnikẹ́ni bá gbé e jó lọ́dún Ẹpa, kódà lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, ọ̀nà rẹ̀ sí pápá ọkọ̀ òfuurufú ti di, àyàfi tí NCMM bá fún un ní àṣẹ. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni gbé e jó nítorí pé fídíò máa dùn. Kódà bí kò bá tíì jó rí, ẹ ṣì gbọ́dọ̀ gba ìwé lọ́wọ́ NCMM pé kì í ṣe ohun ìṣẹ̀ǹbáyé, kí àwọn kọ́sítọ́ọ̀mù má baà gbẹ́sẹ̀ lé e. Ya fọ́tò rẹ̀ láti ìgbà tó ti wà ní ìtì igi títí dé ìgbà tẹ́ ẹ fín in tán; fọ́tò yẹn ni ẹ̀rí rẹ.

Lórí kópíráìtì, mi ò ní pẹ́. Ẹni tó ra ère kò ra ẹ̀tọ́ láti tẹ àwòrán rẹ̀ sára aṣọ, ife tàbí káàdì, àyàfi tí o bá fi ìwé gbé ẹ̀tọ́ yẹn fún un. Nítorí náà, ka ohun tí o bá fẹ́ fọwọ́ sí dáadáa. Ẹ̀tọ́ mìíràn wà tí àwọn oníṣẹ́ ọnà wa kì í béèrè: bí wọ́n bá tún ère rẹ tà ní owó tó ju ti tẹ́lẹ̀, kí ìwọ náà rí nǹkan gbà níbẹ̀. Òfin kópíráìtì Nàìjíríà mọ̀ ọ́n. Òfin Bràsíìlì ti 1998 náà mọ̀ ọ́n, ó sì ní kó má dín ní ìdá márùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún lórí èrè tó gun owó náà. Kọ ọ́ sínú àdéhùn yín ní tààràtà, ní èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Pọtogí, kí agbẹjọ́rò kan sì wò ó.

Tún kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí wọn kò bá fún ọ ní físà. Ó ti ṣẹlẹ̀ sí ọ̀pọ̀ agbẹ́gilére pé ère dé ibi àfihàn, àwọn kò dé ibẹ̀. Bó bá rí bẹ́ẹ̀, kí wọ́n gba ohùn rẹ sílẹ̀, kí o fi Yorùbá Èkìtì tí ẹ ń sọ nílé ṣàlàyé iṣẹ́ náà, kí wọ́n sì túmọ̀ rẹ̀ sí Pọtogí sísàlẹ̀. Kí ẹlòmíràn má ṣe sọ̀rọ̀ lórúkọ rẹ.

Ní ti ibi tí ère náà máa sùn sí lẹ́yìn àfihàn, ìmọ̀ràn mi ni pé kí ẹ gbẹ́ méjì. Ọ̀kan á lọ sí Salvador, ọ̀kan á dúró ní Ìkéré. Ìkéré ni kí ẹ sì ti kọ́kọ́ ṣe àfihàn àwọn méjèèjì, pẹ̀lú iṣẹ́ tí arábìnrin náà bá mú wá, kí ọ̀kan tó wọnú àpótí. Gbọ̀ngàn ilé ẹ̀kọ́ tó, tàbí kí ẹ bẹ ààfin fún àyè. Ìgbà yẹn ni àwọn àgbà ilé yín máa fi ojú ara wọn rí ohun tó ń lọ àti ohun tó dúró, wọ́n á sì lè bá àlejò náà sọ̀rọ̀ lójúkojú. Èmi gbà pé èyí máa pẹ̀tù sí wọn lọ́kàn ju àlàyé èyíkéyìí tí ìwọ tàbí èmi lè ṣe.

Bó bá sì jẹ́ méjì ni, igi ni kí o tètè wá. Igi tútù la máa ń gbẹ́, o mọ̀, àmọ́ igi tútù tó bá wọ yàrá àfihàn tí ẹ̀rọ ti ń fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ gbẹ yóò là, àgàgà Ẹpa tí ìkòkò rẹ̀, ìyẹn apá ìsàlẹ̀ tí wọ́n ń kì sórí, ní ihò nínú tí ère wúwo sì wà lórí rẹ̀. Ẹ gé igi náà kí arábìnrin yìí tó wọkọ̀, kí ẹ lé ọnà rẹ̀, kí ẹ gbẹ́ inú ìkòkò náà jáde, kí ẹ wá bò ó síbi tí oòrùn kò dé, kó máa gbẹ díẹ̀díẹ̀. Bó bá dé, yóò bá a ní àlétúnlé. Pákó tí ẹ máa fi kan àpótí rẹ̀ gbọ́dọ̀ jẹ́ èyí tí wọ́n ti fi ooru pa kòkòrò inú rẹ̀, 56°C fún 30 ìṣẹ́jú, tí òǹtẹ̀ ISPM 15, ìyẹn òfin àgbáyé fún pákó ìdìẹrù, wà lára rẹ̀. Bí kò bá sí òǹtẹ̀ yẹn, wọ́n lè dá àpótí náà dúró ní èbúté Bràsíìlì. Àwọn tó ń kó ẹrù lọ sókè òkun ní Èkó mọ ibi tí wọ́n ti ń rí i rà.